Bíró Pupa Ń Kàwé Láti Ìsàlẹ̀ Lọ Sókè

Bí ẹ bá fẹ́ lẹ ìwé mọ́ ògiri ní àdúgbò yẹn kó sì pẹ́ níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bẹ Ọlọ́run kí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bíró Pupa má gba ibẹ̀ kọjá. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n ń kó gbogbo ìwé fún kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó wá àṣìṣe inú rẹ̀ jáde kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ gidi ni, kò sẹ́ni tó sọ pé kì í ṣe iṣẹ́. Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé bí aago mẹ́rin bá lù, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa ẹ̀rọ tí wọ́n ń lọ sílé wọn, iṣẹ́ tirẹ̀ kì í tán. Bíró náà á tẹ̀ lé e jáde sí títì.

Dókítà eléyín fẹ́ sọ fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n fọ ife kí wọ́n tó lò ó. Gẹ̀ẹ́sì tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ń sọ pé kí wọ́n fọ aláìsàn kí wọ́n tó lò ó. Bíró Pupa tún un ṣe. Onígbàjámọ̀ tó ń gẹrun ní ìkóríta kọ ọ́ sára gíláàsì rẹ̀ pé òun ń gé orí àgbà àti ọmọdé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bíró Pupa tún ìyẹn náà ṣe, ó sì fún un ní máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Onígbàjámọ̀ kò kí i fún oṣù méjì. Onílé tó kọ "your" síbi tó yẹ kó kọ "you're" gba méjì. Ní ti àmì kékeré tó rọ̀ sókè láàárín "you're" yẹn, èyí tí gbogbo ayé ń wọ́n káàkiri bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀, bó bá ti rí i níbi tí kò yẹ, ara rẹ̀ á máa yún un títí yóò fi pa á rẹ́.

Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, gbólóhùn kan náà ló máa ń kọ: Èrò rẹ kò yé mi. Tún un kọ. Kì í ronú kó tó kọ ọ́ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tó ń dá nídìí iṣẹ́ yìí, torí òun ló fa gbogbo wàhálà tí ẹ fẹ́ gbọ́. Kì í ka ìwé láti òkè. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló sọ fún un pé ojú ẹni máa ń parọ́ fúnni: bí èèyàn bá kàwé láti òkè wá, ìtumọ̀ á máa fà á lọ, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni yóò máa rí, kò ní rí ohun tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni Bíró Pupa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ wò, á bọ́ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, á ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dé orí ìwé. Àṣìṣe kan kò lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó lè yẹ ìwé ìkéde òkú wò láàárọ̀ kó má mọ ẹni tó kú, kó pàdé ọmọ olóògbé lọ́sàn-án kó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé bàbá ńkọ́.

Ní òdì kejì títì, ó kọjú sí ilé ìtẹ̀wé gan-an, ni ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wà. Obìnrin náà ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, kì í pariwo, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níṣẹ́. Ìyàwó Bíró Pupa náà ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ọkùnrin yìí nífẹ̀ẹ́ aránṣọ náà. Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé bó bá rí i tó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó lè ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó má rí àṣìṣe kankan. Kò sì lè sọ ọ́.

Ohun tó ń ṣe dípò kó sọ ọ́ rèé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo òwúrọ̀ Ọjọ́rú, á ti ilẹ̀kùn bálùwẹ̀, á mú abẹ, á gé bọ́tìnnì kan kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Àgbàlagbà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta! Lọ́sàn-án, á gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sọdá títì, á ní bọ́tìnnì tún ti já o. Aránṣọ á ní kó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì áyọ́ọ̀nù, á fi òwú sábẹ́rẹ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí bọ́tìnnì á fi dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ló ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ retí. Ní gbogbo ìgbà tó bá lọ, ó ti pinnu pé òní lòun máa sọ ọ́. Bó bá la ẹnu báyìí, á ní kàlẹ́ńdà ara ògiri wọn yẹn, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò mọ̀ pé lẹ́tà ńlá ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ orúkọ oṣù. Aránṣọ á ní ẹ ṣé, sà. Ó parí nìyẹn.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń gbé, ti rí bọ́tìnnì méjì nílẹ̀ bálùwẹ̀ rí. Ó kàn bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé aṣọ yín ń wọ́wé ni?" Ó ní òwú òde òní ni kò lágbára.

Ó ṣe ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń bá a bọ̀ báyìí. Nínú ọdún mẹ́ta náà ni Bíró Pupa ṣe fọ́nnu lọ́jọ́ kan lórí àpótí pé òun kì í fi ojú mọ èèyàn, ìwé tó bá kọ lòun fi ń mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọ́, ó gbàgbé. Aránṣọ kò gbàgbé. Ó lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́, ó lọ fún oṣù mẹ́ta gbáko, kò sọ fún ẹnì kankan. Níjọ́ Ajé kan, ó sọdá sí ilé ìtẹ̀wé, ó bá a pé Bíró Pupa wà nídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn, ló bá fi ìwé kan sórí tábìlì rẹ̀, ó yára padà.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ìwé aránṣọ á dé orí tábìlì yẹn. Ó ti fi ìkéde ọjọ́ ìsinmi ránṣẹ́ rí, ó ti fi ìwé tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpò aṣọ oníbàárà ránṣẹ́ rí. Nígbà tí Bíró Pupa padà dé tó rí ìwé náà láàárín àwọn yòókù, inú rẹ̀ dùn pé iṣẹ́ obìnrin náà bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ó ní òun máa ṣe é dáadáa ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó fọ ojú gíláàsì rẹ̀. Ó ṣí bíró tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Àṣìṣe inú rẹ̀ pọ̀, kí n má purọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, aránṣọ kọ ọ́ bíi pé òní ló ń ṣẹlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo, ó kọ ọ́ bí ohun púpọ̀. "Their" jókòó síbi tí "there" yẹ kó wà. Bíró Pupa ń yí wọn ká níkọ̀ọ̀kan, ó ń kọ èyí tó tọ̀nà sókè wọn fínnífínní, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé orí ìwé, tó rí "Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n" tó fi bẹ̀rẹ̀, ó fi àmì ìdánudúró sí i, torí kò sí níbẹ̀. Àṣìṣe mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó kọ máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ọwọ́ rẹ̀ sì kọ gbólóhùn yòókù fúnra rẹ̀: Èrò rẹ kò yé mi. Tún un kọ.

Kò rán ẹlòmíràn, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sọdá títì, tìdùnnú-tìdùnnú. Ó nà án sí aránṣọ, ó ní mẹ́ta ló yẹ kó gbà, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé yín rẹwà, mo fi ọ̀kan kún un. Obìnrin náà wo ìwé náà. Ó wò ó pẹ́. Ó ní ẹ ṣé, sà, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Bíró Pupa padà sẹ́nu iṣẹ́, ó rò pé ó lọ tún un kọ ni.

Ní Ọjọ́rú, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì dé bó ṣe máa ń ṣe. Aránṣọ kò ní kó jókòó. Ó ní kò sí òwú. Bíró Pupa wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí òwú funfun, dúdú, pupa, búlúù, tí wọ́n tò sórí pákó láti ilẹ̀ dé àjà. Ó ní kò burú. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà sílé. Nígbà tó ròyìn fún àbúrò rẹ̀ pé aránṣọ ní òun kò ní òwú, nọ́ọ̀sì náà gbé ṣíbí sílẹ̀, ó bi í pé kí ni ẹ ṣe fún un. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan, kódà òun fi máàkì kún máàkì rẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, bó ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni fẹ́ gba aṣọ. Ó bá aránṣọ tó ń ká aṣọ sínú àpótí, tó ti yọ kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Aránṣọ na ìwé náà sí i. Nọ́ọ̀sì kà á lórí ìdúró, láti òkè wá sísàlẹ̀ bí àwa èèyàn yòókù ṣe ń kàwé. Ó di ìwé náà mú, ó ní kó jọ̀ọ́, kó yá òun di ọ̀la.

Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni ìwé yìí sọ?"

Bíró Pupa yọjú sí i. Ó ní àṣìṣe mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, mọ́kànlá nínú wọn jẹ́ ti ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, mẹ́jọ jẹ́ ti àmì, ìyókù jẹ́ ti sípẹ́lì.

"Mi ò bi yín léèrè iye àṣìṣe. Mo ní kí ló sọ?"

Kò mọ̀. Ó ti fọwọ́ kan gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì mọ ohun tó sọ. Nọ́ọ̀sì fi ìka sí orí ìwé, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kó máa bọ̀ nísàlẹ̀. Bíró Pupa bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà ní Ọ̀gá òun ọ̀wọ́n, òun kò mọ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun lọ kọ́ ọ nítorí yín, torí ẹ ní ìwé lẹ fi ń mọ èèyàn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ní kí òun wá bá a ní ìlú tó wà, kí òun máa ṣe olórí ilé ìránṣọ rẹ̀, ọjọ́ Sátidé ló sì ń bọ̀ wá kó ẹrù òun. Ó ní Ọjọ́rú nìkan ni òun ń mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ ń lọ. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tí ẹ fẹ́ sọ fún òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Bí ẹ kò bá ní, kò burú, òun á lọ.

Lábẹ́ èyí, pẹ̀lú yíǹkì pupa, ni ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí pé èrò rẹ kò yé mi.

Ìtìjú bò ó. Ó ń ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Nọ́ọ̀sì kò ràn án lọ́wọ́. Ó ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata lẹ fi sẹ́nu. Ó ní òun rò pé bí àgbà bá ṣubú ló ń wẹ̀yìn wò, òun kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun á ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ kó tó ṣubú. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Ọ̀la ni Sátidé. Ẹ dá a lóhùn."

Bíró Pupa jókòó láti kọ èsì. Ó kọ gbólóhùn kan, ó rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn, ó ní ó gùn jù. Ó kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣe àtúnṣe sí i títí tó fi dà bí ìwé tí wọ́n ń kọ sí ọ́fíìsì omi ẹ̀rọ. Ojú ìwé méjìlá ló ya dànù kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, kò sì sí èyí tó tó gbé fún obìnrin náà. Nígbà tó fa máàkì sábẹ́ lẹ́tà ìfẹ́ ara rẹ̀, tó fún un ní márùn-ún nínú mẹ́wàá, àbúrò rẹ̀ gba bíró lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú agolo ìdọ̀tí.

Láàárọ̀ Sátidé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti kúrò yẹn, torí kò róye ohun tó ń wọ̀, ó sọdá títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ, ọkùnrin gìrìwò kan, ń gbé máṣíìnì jáde. Ó bi àbúrò rẹ̀ pé ta nìyí. Aránṣọ ní oníbàárà ni, bọ́tìnnì ló máa ń gbé wá.

Bíró Pupa na ìwé náà sí i. Ó ní òun wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò kà á.

Aránṣọ ní, "Ẹ kò kà á báwo? Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ rí níbẹ̀."

Ó ṣàlàyé bí òun ṣe ń kàwé láti ìsàlẹ̀. Bó ṣe ń ṣàlàyé ló ń gbọ́ bó ṣe dún létí ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ títí kò fi dún mọ́. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ gbé máṣíìnì kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí irú rẹ̀ kò tíì kàn án rí. Aránṣọ kò gba ìwé náà. Ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì áyọ́ọ̀nù, ibi tí Bíró Pupa máa ń jókòó sí.

"Ẹ kà á sókè kí n gbọ́," ló wí. "Láti òkè. Bí mo ṣe kọ ọ́."

Àánú ọkùnrin yìí ṣe mí. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún lé àṣìṣe kiri, ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ kà wọ́n jáde! Bó bá dé ibi tó yí ká, ahọ́n rẹ̀ á fẹ́ yà sí èyí tó tọ̀nà, á fà á padà, á ka èyí tí aránṣọ kọ. Òógùn bò ó. "Their" kọjá, ó gbé e mì. Àná di òní, ó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tí obìnrin náà ti sọ̀rọ̀ Ọjọ́rú, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i. Kò rí àṣìṣe mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń wọlé sí i lára bí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ṣe ń sọ ọ́, ó sì kà á lọ geere dé ìsàlẹ̀, dé ibi tó ní bí ẹ kò bá ní, kò burú. Ó dúró níbẹ̀. Ohun tí òun kọ pẹ̀lú yíǹkì pupa ló kàn, kò kà á.

"Má lọ," ló wí.

Ọdún mẹ́ta ló ti ń pe obìnrin yìí ní ẹ̀yin. Gbogbo wọn ló gbọ́ pé lọ́tẹ̀ yìí kò pè é bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ ní ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé tó báyìí, ṣé ọ̀rọ̀ méjì péré lẹ ní? Bíró Pupa ní òun ti kà á láti òkè, òun sì ti kà á láti ìsàlẹ̀, òun kò rí ohun tí òun máa fi kún un.

Obìnrin náà dìde. Ó na ọwọ́ sínú àpótí ẹrù tó ti dì, ó fa bọ́tìnnì kan àti òwú funfun jáde, òwú tí kò sí ní Ọjọ́rú, ó fi sábẹ́rẹ́. Ó di ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì Bíró Pupa mú, ó fà á súnmọ́ ojú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì ń rán bọ́tìnnì mọ́ ọn láìní kó bọ́ ọ.

Ó ní, "Òwú tó bá já fúnra rẹ̀, ẹnu rẹ̀ máa ń rí jákujàku. Èyí tí abẹ bá gé, ẹnu rẹ̀ á gún régé. Láti ọdún mẹ́ta, kò sí bọ́tìnnì yín kan tó já."

Bíró Pupa bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀.

"Ọ̀sẹ̀ kejì."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

Aránṣọ fi eyín gé òwú náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá ó dúró dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ sì pẹ́ níbẹ̀.

"Èmi kì í wá àṣìṣe," ló wí. "Ohun tí ẹ fẹ́ sọ ni mo ń kà."

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ọkọ̀, ó wo àwọn méjèèjì, ó mí kanlẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti gbé máṣíìnì náà padà wọlé.